Okùn Ìko Tí Ọ̀rọ̀ Kan So Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n so okùn ìko mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì mi ní Akparé. Ó dá mi lójú nítorí pé mo yọ aago àpò tí ilé ẹ̀kọ́ fi ta mí lọ́rẹ, mo wò ó. Mo ń kánjú. Mo fẹ́ dé Atakpamé kí oòrùn tó mú, kí n fi ìwé kan sílẹ̀ ní bírò Kòmándà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso agbègbè wa, kí n sì jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Òní ló pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Okùn náà ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ti ń kọ èyí. Ó ń yún mi, ó sì máa ń fa bébà nígbàkígbà tí mo bá gbé ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí lóye. Ọmọ Ifẹ̀ ti ìhà Atakpamé níbí ni bàbá mi, àgbẹ̀ ni ní Akparé. Ìyá mi jẹ́ ọmọ àwọn Yorùbá oníṣòwò tó wá láti ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Mùsùlùmí ni, aṣọ ló ń tà lọ́jà Atakpamé. Èdè tirẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí. Èdè Ifẹ̀ àti Yorùbá jọra bí ọmọ ìyá méjì tí wọn kò jọ gbé ilé kan dàgbà, nítorí náà níbi tí ẹ bá ti rí i tí àwọn àgbà Akparé ń sọ̀rọ̀, èmi ni mo yí i sí Yorùbá. Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi yàn án, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́: kò sí ẹnì kan ní bírò tó lè kà á.

Lọ́dún yìí ni mo parí ẹ̀kọ́ ní Lomé, tí mo gba ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n ní kí n lọ dúró sílé títí ìjọba yóò fi pè mí sí iṣẹ́. Dídúró yẹn ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ní oko. Èmi, tí mo bá mú ọkọ́, ebè tí mo bá kọ a dà bí ibi tí adìyẹ fẹsẹ̀ wa. Bàbá mi kì í bá mi wí. Yóò kàn dúró dìgbà tí mo bá kúrò níbẹ̀, yóò wá tún un kọ. Ì bá sàn kó bú mi. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń rò ó pé gbogbo ọdún tí wọ́n fi jẹ́ kí n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ dípò oko, ẹrù ni lórí mi, mi ò sì mọ ibi tí màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Nítorí náà, nígbà tí Baálẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n wá kọ ìwé kan fún ìlú, inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó. Mo mọ̀ pé àṣejù ni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀ràn náà rèé. Lọ́dọọdún ni àṣẹ máa ń ti bírò wá pé kí àwọn ọkùnrin wá fi ọjọ́ mélòó kan tún ọ̀nà Datcha ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun kò ní í lọ. Àmọ́ lọ́dún yìí, ìpè náà bọ́ sí ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, ìgbà yẹn gan-an la sì ń kọ ebè iṣu. Bí ọyẹ́ bá fi lè gbẹ ilẹ̀, ọkọ́ kò ní í wọlé mọ́. Ẹni tí kò bá rí ebè kọ nígbà yẹn, kò ní iṣu lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí àwọn àgbà fẹ́ kò ju èyí lọ: ẹ jẹ́ ká kọ ebè tán, ká wá ṣe ọ̀nà. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹnu rán gáàdì, ọlọ́pàá Kòmándà tó mú àṣẹ náà wá. Gáàdì ní òun kì í gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun kàn máa ń gbé e bọ̀ ni. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí a kọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé olójú kan. Mo fẹ́ kó wúwo. Mo rántí ọ̀rọ̀ kan tí olùkọ́ wa ní Lomé kọ sójú pátákó rí, ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé máa ń lò fún lẹ́tà bí wọ́n bá fẹ́ kí ó ní ọ̀wọ̀: mísíìfù. Ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá fún wa, mo sì fi í pamọ́ sórí bí ẹni tó fi aṣọ ọdún pamọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi sínú ìwé Akparé. Lókè, mo kọ ọ́ pé a ní ọlá láti fi mísíìfù yìí ránṣẹ́ sí yín. Nísàlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ojú àánú wo mísíìfù wa.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, a pàdé lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé Baálẹ̀. Baálẹ̀ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ọkùnrin arúgbó kan ló máa ń sọ ọ́ jáde fún un, òun là ń pè ní Bàbá Agbẹnusọ. Ojú rẹ̀ kan ti funfun, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kọ ebè tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í sì í pariwo. Mo ka ìwé náà ní Faransé láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo dìde dúró kà á, lẹ́yìn náà ni mo wá ṣàlàyé rẹ̀ ní Ifẹ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí. Mo rò pé ó ti parí.

Bàbá Agbẹnusọ ní, “Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí o gbé àyà sókè kó o tó pè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Kí ni?”

“Mísíìfù ni, Bàbá. Lẹ́tà ló túmọ̀ sí.”

“Lẹ́tà tí a mọ̀ yìí náà? Kí ló wá ṣe é tó fi ń jẹ́ orúkọ mìíràn?”

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀ ni. Mo ti ro ibẹ̀ yẹn wò láìmọye ìgbà. Ǹ bá ti wí pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, wọn ì bá ti mi orí lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwé náà ì bá sì bọ́ sínú àpò ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè kan tó máa dáhùn mẹ́ta ni mí. Mo sì fẹ́ kí bàbá mi, tó jókòó sẹ́yìn lórí ìtì igi, gbọ́ ohun tí wọ́n fi kọ́ mi.

Mo ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọmọ Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní èdè àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ló ti wá, èdè tí àwọn fadá ṣì fi ń gbàdúrà, àti pé ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni ká rán, bí èèyàn ṣe ń rán èèyàn níṣẹ́. Nígbà kan rí, àwọn Faransé kì í dá a pè. Wọ́n á ní lẹ́tà mísíìfù, ìyẹn ìwé tí a kọ láti rán jáde, kó má baà dà pọ̀ mọ́ ìwé tí a kọ láti tọ́jú sínú àpótí. Nígbà tó pẹ́, lẹ́tà já sílẹ̀, mísíìfù wá ń dá rìn. Mo tilẹ̀ fi kún un pé láti inú agboolé kan náà ni orúkọ Mísíọ̀n ti jáde, ilé àwọn fadá ní Atakpamé, torí àwọn náà jẹ́ ẹni tí a rán.

“Àwọn fadá yẹn,” ni Bàbá Agbẹnusọ wí, “láti ìgbà tí wọ́n ti rán wọn, ṣé wọ́n ti padà lọ jíṣẹ́?”

Ẹnì kan lápá ọ̀tún ní, “Èsì ni wọ́n ń dúró dè. A ò tíì fún wọn.”

Ẹ̀rín náà pẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń dùn pé ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n fi ń ṣe àwàdà. Nígbà tí ẹ̀rín parí, Bàbá Agbẹnusọ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó béèrè ẹni tí yóò gbé ìwé náà lọ. Mo ní kò sẹ́ni tí yóò gbé e, pé a óò kàn fi sínú àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Atakpamé ni.

Ó ní, “O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ohun tí a rán ni. Ohun tí a rán ò ní ẹni tí a rán?”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé àṣà wa níbí. Ní Akparé, ọ̀rọ̀ tí ìlú bá rán kì í dá rìn. Wọn a mú èèyàn kan, wọn a so okùn ìko mọ́ ọn ní ọwọ́ òsì, ẹni yẹn ni yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ àti bọ̀. Títí èsì yóò fi dé, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ gbé ìyàwó, kò sì gbọdọ̀ kọjá ibi tí wọ́n rán an. Lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi omi tàbí oúnjẹ dù ú. Bí èsì bá dé, ẹni tó so okùn náà ni í tú u. Bí ẹni tí a rán bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e, wọ́n á ní ó gbé ọ̀rọ̀ ìlú mì. Ilé kan wà ní ìpẹ̀kun Akparé tí bàbá àgbà wọn gé tirẹ̀ nígbà kan. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, a jọ ń jẹ, a jọ ń ṣòkú. Àmọ́ títí di òní, bí ìlú bá pàdé, a kì í pè wọ́n.

Mo mọ gbogbo èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo rò pé wọ́n ń so okùn fún. Kò sẹ́ni tó so ó rí fún bébà. Lójú wọn, bébà kì í ṣe ohun tó ń lọ tó ń bọ̀, títí di òwúrọ̀ yẹn tí èmi fúnra mi sọ fún wọn pé ohun tí a rán ni.

Bàbá Agbẹnusọ ní, “Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ ni kó gbé e. Na ọwọ́.”

Mo nawọ́. Mo tún ń rẹ́rìn-ín. Mo wo aago mi. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní bírò, akọ̀wé kan ló gbà á lọ́wọ́ mi, ará etíkun kan tí ṣòkòtò rẹ̀ funfun bí ẹyin. Ó kà á dé ibi ọ̀rọ̀ náà, ó dúró. Ó béèrè bóyá èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì dúró kí ó yìn mí. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá wò ó. Ó ní ẹni tó bá pe lẹ́tà ní mísíìfù láyé ìsinsìnyí, ó ní láti jẹ́ pé mínísítà ló ń kọ̀wé sí tàbí pé ó ń fi èèyàn ṣẹ̀sín. “Ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti ebè lo gbé adé yìí lé lórí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n kan lórí tábìlì. Etí mi gbóná. Ọ̀rọ̀ tí mo tọ́jú bẹ́ẹ̀, ó dà bí ìgbà tí mo wọ aṣọ ọdún lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá ilẹ̀.

Mo béèrè ìgbà tí èsì yóò jáde. Ó ní Kòmándà ti lọ yẹ ìgbèríko wò ní ìhà Elavagnon, kò sì sọ ọjọ́ tí yóò dé. Mo ní ṣé kí n padà wá. Ó ní, “Fún kí ni? Ìwé yín ti wọlé. Ìwé tó bá ti wọlé kì í ṣe tiyín mọ́.”

Mo fi okùn ọwọ́ mi hàn án. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ó wò ó, ó ní kí n fa apá ẹ̀wù mi bò ó.

Ìyá mi rí i kí n tó jókòó. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú, ó yí i sí òkè, ó yí i sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ tó ní àbàwọ́n. Ó ní ẹran ọjà ni òun mọ̀ pé wọ́n máa ń so bẹ́ẹ̀. Ó béèrè ìgbà tí wọ́n máa tú u, mo ní ìgbà tí Kòmándà bá fèsì. Ó kàn ń gbé ẹran sí àwo mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìwé tèmi dé. Ìlà mẹ́rin péré ni. Wọ́n ti yàn mí sí ipò olùkọ́ni ìrànlọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìhà Lomé, kí n wá fojú hàn ní aago méje òwúrọ̀, ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Ẹni tí kò bá dé, wọ́n á pe ẹni tó tẹ̀ lé e. Ìwé náà kò pe ara rẹ̀ ní mísíìfù. Mo kà á títí ojú bébà fi rọ̀. Ohun tí mo ti ń retí láti ìgbà ewé ni, nígbà tó sì dé, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Mo gbé e fún bàbá mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á. Ó fi ọwọ́ nù ún, ó fi sínú àpótí tirẹ̀, ó sì bojú wo ọwọ́ òsì mi.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń rìn láti Akparé lọ sí Atakpamé. Lójú ọ̀nà, àwọn tó rí okùn ìko ń kí mi, wọ́n ń fún mi lómi, wọ́n ń fi iṣu sísun lé mi lọ́wọ́. Mi ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ìyá àgbà kan ń béèrè lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà pé, “Ọmọ mi, ṣé ó ti dé?” Bí mo bá ní kò tíì dé, yóò ní kí n jẹun dáadáa. Ẹ ò lè mọ bí oore yẹn ṣe ń dì mí. Ká ní wọ́n ń yọ mí lẹ́nu ni, ǹ bá ti mọ ohun tí màá ṣe. Ní bírò, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo sì máa ń rí ìwé wa láti ibẹ̀, nínú agbọ̀n, ìwé mìíràn sì ń gorí rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, mi ò rí i mọ́. Akọ̀wé wá sọ ohun kan fún mi láìṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n má fi ìrètí pa ara mi. Ó ní bí Kòmándà bá gbà, kì í kọ̀wé, ó kàn máa dákẹ́ ni. Bí kò bá gbà, kì í kọ̀wé, gáàdì ni yóò rán.

Gáàdì sì dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó wá kó àwọn ọkùnrin lọ sójú ọ̀nà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti ẹ̀yìn ilé. Bàbá Agbẹnusọ mú ọwọ́ òsì mi, ó gbé e sókè síwájú gáàdì, ó fa apá ẹ̀wù mi kúrò lórí okùn náà.

Ó ní, “Ìlú ti rán ọ̀rọ̀ sí Kòmándà. Ọ̀rọ̀ náà wà lójú ọ̀nà. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lójú ọ̀nà, ẹni tó rán an kì í mira, ẹni tí a rán an sí náà kì í mira.”

Gáàdì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òótọ́ ni pé ìwé wà ní bírò. Mo ní òótọ́ ni, pé wọ́n ti lu òǹtẹ̀ lé e. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó ronú. Ó ní, “Ọ̀gá ò sí nílé. Èmi ò ní í jẹ́ ẹni tó dáhùn ìwé ọ̀gá.” Ó mu omi, ó lọ. Ó ń lọ, àwọn ọkùnrin sì ń mú ọkọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ kú oríire. Wọ́n kàn gba ọ̀nà oko lọ.

Ọjọ́ yẹn ni mo rò pé ó yé mi: wọ́n so mí kí okùn náà lè máa dá gáàdì padà. Mo padà sílé, mo mú bébà. Mo mọ bí èdè bírò ṣe ń rí. Mo kọ èsì kan bí ẹni pé Kòmándà ló kọ ọ́, pé òun ti gbà. Mo kà á, mo rí i pé bí wọ́n bá gbà á gbọ́, tí Kòmándà kò sì gbà ní tòótọ́, èmi ni mo fi àwọn ọkùnrin ìlú mi sí àtìmọ́lé. Mo kọ òmíràn pé kò gbà. Ìyẹn yóò kó gbogbo wọn kúrò nínú oko wọn kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n. Mo fi méjèèjì dáná. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ bí mo ṣe sún mọ́ ọn tó. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹni rere ni mí, kí ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn bí wọ́n ṣe ń gba ẹni rere.

Ọjọ́ kejì, mo lọ bá Bàbá Agbẹnusọ lóko. Ó ń kọ ebè fún opó ọmọ rẹ̀ kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: iṣẹ́ Lomé, ọjọ́ Ajé yẹn, ohun tí akọ̀wé sọ nípa èsì. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tú u. Kò dá ọkọ́ dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí oko náà, ó ní kí n wo ibi tí ebè dé.

Mo ní, “Bàbá, ṣé torí èyí ni ẹ ṣe so ó mọ́ mi?”

Ó ní, “Rárá. Mo so ó torí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tó gbé e. Pé ó lè dá gáàdì padà, ọjọ́ tí gáàdì dé ni mo rí i. Arúgbó ni mí. Ohun tí mo bá rí, mi kì í sọ ọ́ nù.”

“Tí ebè bá wá parí ńkọ́? Ẹ ó tú u?”

“Èsì ní í tú u, ọmọ mi. Kì í ṣe èmi.” Ó wò mí pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó ríran. “Èmi kọ́ ni mo sọ pé o ò gbọdọ̀ lọ. Ọ̀bẹ wà nílé bàbá rẹ.”

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìkà kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí. Mo wá ẹni tí màá bínú sí títí di ìrọ̀lẹ́, mi ò rí. Àwọn ará Róòmù kò mọ̀ mí. Olùkọ́ wa kọ́ mi dáadáa. Bàbá Agbẹnusọ ń ro ti opó. Èmi tí mo fẹ́ kí bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu mi nìkan ló kù.

Ìyá mi ní kí n gé e. Ó ní bàbá òun fi ìlú kan sílẹ̀ kí a tó bí òun, ìlú náà ò wó. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni mo ń bẹ̀rù ohun tí yóò sọ, ó sì sọ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn nígbà tí a jọ ń bó iṣu. Ó ní ebè tòun ti parí. Ó tún ní, “Wọ́n ti ń pè mí sí ìpàdé ìlú láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. Bí wọn ò bá pè mí mọ́, màá máa sun oorun ọ̀sán.” Ó gbé iṣu mìíràn, ó ń bó o. Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló ṣí fún mi yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mi ò tíì lè gba ibẹ̀ jáde, torí mo mọ ohun tí ìpàdé yẹn jẹ́ sí i. Ó máa ń fọ ẹsẹ̀ kó tó lọ.

Òní Ọjọ́bọ̀, mo ti lọ, mo ti bọ̀. Kòmándà kò tíì dé. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Ebè tó kù, àwọn àgbà ní yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì bí gáàdì kò bá padà wá. Ọjọ́ Ajé tèmi ku ọjọ́ méjìdínlógún, mo sì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀. Àpótí mi wà ní dídì. Bí ebè bá tilẹ̀ parí kí n tó lọ, èsì tó máa tú mi lè má wá láéláé, èmi, akọ̀wé yẹn àti Bàbá Agbẹnusọ nìkan la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oníṣòwò kan, ojúlùmọ̀ ìyá mi, ń lọ sí ìhà Kétu lọ́la, ó sì ń padà bọ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Òun ni yóò gbé ìwé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá kà á níbẹ̀, ẹ̀yin tí ìlú tiyín náà ń rán èèyàn níṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ṣé ọ̀nà kan wà lọ́dọ̀ yín tí ẹni tí a rán fi lè gbé okùn rẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ó gbé ọ̀rọ̀ mì? Mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá Agbẹnusọ, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n kò sọ pé kò sí. Bí kò bá sí, ṣé kí n dúró títí ebè yóò fi parí, kí n wá gé e, kí n gbé ìtìjú náà lọ sí Lomé? Àbí kí n jẹ́ kí Lomé lọ? Ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin ì bá fi ọwọ́ òsì yín ṣe.